Ọjọ́ Márùn-ún Tí Ọkọ̀ Kan Kò Ní Baba

Ọ̀gá ti fọn fèrè mẹ́ta kí n tó dé ẹnu géètì. Ní ọgbà ọkọ̀ tiwa, bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè mẹ́ta, ó ti di ti ẹni tó rà á nìyẹn, kì í sì í padà wọlé mọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dá àṣà yìí sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ta ọkọ̀ méjì péré lábẹ́ igi. Ó ní ọkọ̀ tó bá padà wọlé lẹ́yìn fèrè, ọjà ọdún náà máa sùn ni. Èmi ò bá a jiyàn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo sáré tọ ọkọ̀ náà lọ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé iwájú rẹ̀, mo sì dúró gbọn-in.

Bàbá Ìbejì yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ìyá Ìwé, ṣé ẹ fẹ́ bá wa lọ ni? Ẹ wọ ẹ̀yìn, àyè wà."

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn ná, Bàbá Ìbejì."

Tíṣà ni Bàbá Ìbejì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, òun ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí àga ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá náà nítan ní ìlú kejì, wọ́n sì ti ní kí wọ́n wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Torí ẹ̀ ni tọkọtìyàwó yìí ṣe gbé ọkọ̀ àtijọ́ wọn wá lọ́jọ́rú, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjì kì í ṣí mọ́, tí wọ́n fi pààrọ̀ èyí tí mo dì mú yìí.

"Kí ló tún dé?" Ohùn Ọ̀gá nìyẹn lẹ́yìn mi.

Mo na ìwé ọwọ́ mi sókè. Iṣẹ́ mi ni láti kó gbogbo ìwé ọkọ̀ sínú àpò kan kí ọkọ̀ tó jáde, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè mí ní Ìyá Ìwé. Èmi kì í sì í kó ìwé tí n kò bá tíì kà. Ìwé ìnṣọ́ránsì Bàbá Ìbejì ló dé kẹ́yìn. Mo ka orúkọ, ó pé. Mo ka nọ́ńbà ọkọ̀, ó pé. Mo wá ka ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni bàtà ẹsẹ̀ kejì ti bọ́ sọnù, torí eré ni mo bá dé géètì.

"Ọjọ́ Ajé ni ìnṣọ́ránsì yín bẹ̀rẹ̀," mo wí fún Bàbá Ìbejì. "Òní ọjọ́ Ẹtì. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, ta ló máa bá yín gbé e?"

"Mo ṣì ní ti ọkọ̀ àtijọ́."

"Ẹ ti ní kí wọ́n dá ìyẹn dúró lọ́jọ́rú. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé wọ́n máa dá owó oṣù tó kù padà fún yín."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò."

"Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín o."

"Inú ọjọ́ méjì péré yẹn náà ni ìyá wa máa wà lórí àga ẹ̀yìn," mo wí.

Ọ̀gá bọ́ síwájú mi. Kì í ṣe èèyàn gíga, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, ó máa ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. "Ìyá Ìwé, kúrò lọ́nà. Ọkọ̀ yìí ti fọn fèrè. Bí kò bá jáde, ìwọ lo máa jáde."

Ọ̀gá kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Akọ̀wé méjì ló ṣáájú mi lórí àga yẹn, ẹnu géètì yìí kan náà ni àwọn méjèèjì gbà lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò níbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó máa gba obìnrin àádọ́ta ọdún tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan síṣẹ́ akọ̀wé níbòmíràn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò gbé ọwọ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó so ọwọ́ mi mọ́ ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra ọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan bí irú èyí. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ sínú ìwé tirẹ̀ náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, alùpùpù kan já lu iwájú rẹ̀ ní oríta, ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ń gùn ún sì ṣẹ́ níbi méjì. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní ọjọ́ tàwọn ò tíì pé, ẹni tó ta ọkọ̀ ní ọjọ́ tòun ti kọjá, ẹ̀gbọ́n mi bá ta ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ láti san owó ìwòsàn ọkùnrin náà. Inú ilé yẹn ni èmi náà ń gbé. Ìgbà tí mò ń kó ẹrù mi jáde, mo kó ìwé ìnṣọ́ránsì náà mọ́ ọn. Mo fi awò ojú bàbá mi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí dórí àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó tò bí eèrà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kà á. Kò sí olùkọ́ kankan. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ìnṣọ́ránsì kì í béèrè bóyá o níwà tàbí o ò níwà. Ọjọ́ àti wákàtí ló ń béèrè.

"Ọ̀gá," mo wí, "kí ẹ tó lé mi, ẹ dá mi lóhùn ohun kan. Ta ló wa ọkọ̀ yìí jáde lánàá?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Mo rí i tó jáde láago mẹ́wàá."

"Èmi ni mo wà á. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bíréèkì tuntun yẹn ń mú. Mo gbé ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ dé ilé wọn, mo sì padà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ọkọ̀ ta ni ẹ wà?"

"Ọkọ̀ mi. Inú ọgbà mi ló ṣì wà lánàá."

Mo na ọwọ́ sí Bàbá Ìbejì, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ láìjiyàn. Ó mọ ohùn tíṣà bó bá gbọ́ ọ. Mo wọlé lọ gbé ìwé ìgbọkọ̀ jáde, ìyẹn ìwé ńlá aláwọ̀ ewé tí oníbàárà máa ń buwọ́ lù pé òun ti gba ọkọ̀ òun. Ọ̀gá ní ọgbọ́n kan tó fẹ́ràn: bí oníbàárà bá ti yan ọkọ̀ báyìí, kó buwọ́ lùwé lójú ẹsẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má bàa yí padà, ọkọ̀ náà ì báà lo ọ̀sẹ̀ kan sí i lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kì í ṣe olè. Ó kàn gbà pé ìbuwọ́lùwé dà bí okùn tí a fi ń so ẹran ni.

Mo ṣí ìwé náà sórí ọkọ̀, mo sì gbé ìka lé ojú ibẹ̀. "Ẹ kà á sókè, Ọ̀gá."

Ó kà á bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. "Mo ti gba ọkọ̀ yìí, ó ti di tèmi láti òní lọ. Ọjọ́rú."

"Ìnṣọ́ránsì ọgbà wa ńkọ́, kí ló wí? Ó ní òun á dúró fún gbogbo ọkọ̀ tó wà níbí títí oníbàárà yóò fi buwọ́ lùwé pé òun ti gbà á. Láti ọjọ́rú ni ọkọ̀ yìí ti kúrò lábẹ́ òrùlé yín, kò sì ní wọ abẹ́ òrùlé Bàbá Ìbejì títí di Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Ọjọ́ márùn-ún tí kò ní baba. Inú rẹ̀ lẹ gbé ọmọ ọmọ yín sí lánàá. Bí ògiri ò bá lanu, Ọ̀gá, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Tiwa ti yanu sílẹ̀ gbàgà."

Ọ̀gá tún wo ojú ìwé náà, ó sì wolẹ̀.

"Ẹ dúpẹ́ pé aláǹgbá ń sùn lánàá," ìyàwó Bàbá Ìbejì wí látinú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Ìtìjú tó wà lójú Ọ̀gá yí padà di ìbínú. Ó ní kí tọkọtìyàwó sọ̀kalẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó wọlé sídìí ọkọ̀, ó sì tan ẹ́ńjìnnì. "Ọ̀rọ̀ yín náà nìyí. Ọkọ̀ tó ti fọn fèrè máa padà wọlé lónìí. Bí ọjà bá sùn, ẹ̀yin lẹ máa jí i." Ó fi ẹ̀yìn rìn wọlé. Èmi ló ń wò bó ṣe ń bọ̀, ó ń fi ojú dá mi lẹ́jọ́, kò wo dígí, kò wo ẹ̀yìn. Òpó géètì sì ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún, kò lè torí ìbínú ẹnikẹ́ni yẹ̀.

A gbọ́ ọ tó fọ́. Iná ẹ̀yìn apá òsì tú sílẹ̀ pupa wẹ́wẹ́wẹ́.

Bàbá Ìbejì gbé ọwọ́ lérí. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa ọ̀kan nínú àwọn àfọ́kù náà, ó wò ó nínú oòrùn. "Ó jọ pé aláǹgbá ti jí."

Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀, ó fi ojú pè mí sẹ́yìn ọ́fíìsì, níbi tí àwọn táyà àtijọ́ wà. Kò dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́.

"Ìyá Ìwé, gbọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti fagi lé ìbuwọ́lùwé ọjọ́rú yẹn láago kan ọ̀sán. Bó bá jẹ́ aago kan, ọkọ̀ ti padà di tèmi kí n tó gbá òpó, ìnṣọ́ránsì ọgbà á sì san án."

"Aago mélòó ló lù báyìí?"

"Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Ohun tí màá kọ nìyẹn."

"Wákàtí méjì lásán ni mo bẹ̀ ọ́ fún."

"Wákàtí lásán ló gba ilé bàbá mi, Ọ̀gá. Ẹni tó bá fi irọ́ dí ihò kan, ihò méjì ló ní. Ẹ fẹ́ lé mi nítorí ọkọ̀ tí kò jáde, ó dáa, ẹ lé mi. Ṣùgbọ́n bírò tó wà lọ́wọ́ mi yìí ò ní kọ aago kan. Bí wọ́n bá sì bi mí, ohun tí ojú mi rí ni màá sọ."

Ó wò mí títí. Mo wo òun náà. Ó ní, "Ta ló wá máa ra iná ẹ̀yìn?"

"Ẹni tó gbé e fún òpó."

Nǹkan kan tó jọ ẹ̀rín kọjá létí ẹnu rẹ̀, kò dúró. A padà síta. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ kò kúrò nínú ọgbà lọ sílé oníbàárà rí, pé ó ti padà di ti Ọ̀gá láago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje, àti pé iná ẹ̀yìn ti fọ́ ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀gá buwọ́ lù ú. Bàbá Ìbejì buwọ́ lù ú. Mo wá gbé fóònù, mo pe aṣojú ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó kọ ìwé Bàbá Ìbejì. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń sùn ni.

"Mà, gbogbo ìwé tó bá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ajé la máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Ṣé òfin ni, àbí àṣà?"

Ó rò ó. "Àṣà ni, mà."

"Ẹ ṣeun. Àṣà kan ti kú níbí lónìí, tiyín náà lè lọ sinmi."

Ohùn rẹ̀ jí díẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé a fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ kíákíá, kí a fi àwòrán ọkọ̀ náà ránṣẹ́ ní ọ̀tún, ní òsì, ní iwájú, ní ẹ̀yìn, kó má sì ní ohun tó fọ́ lára. Kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó máa wà á. Aago mẹ́rin làwọn ń tilẹ̀kùn.

Mo yíjú sí tọkọtìyàwó. "Ta ló máa wa ọkọ̀ yìí?"

"Èmi," Bàbá Ìbejì wí.

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn bí ọ̀nà bá ti ju wákàtí kan lọ?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ta ló wà á padà nígbà tí a lọ wo Màámi lóṣù tó kọjá?"

"Ìwọ ni, Ìyá Ìbejì."

"Kí ló wá dé tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé?" mo bi í.

Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Mo rò pé ìyàwó ẹni, ara ẹni ni."

"Lójú ẹbí ni. Lójú ìnṣọ́ránsì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, àlejò ni. Ẹ ò bá gbé ìyá wọn sẹ́yìn, ẹ fi àlejò sídìí ọkọ̀."

Mo kọ orúkọ méjèèjì. Iná ẹ̀yìn ló kù. Ọjà tí wọ́n ti ń tà á jìnnà, aago mẹ́rin kò sì ní dúró dè wá. Mẹkáníìkì wa gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé, ó wo ojú ibi tó fọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọkọ̀ ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún ọkọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló jọ ti Bàbá Ìbejì, abẹ́ ibòji ló wà, ó ń dán bí ojú omi. Ọkọ̀ tí Ọ̀gá fi ń lọ òde ni.

Mẹkáníìkì wo Ọ̀gá. Èmi náà wo Ọ̀gá. Ìyàwó Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó tẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Tú u," Ọ̀gá wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i kó má bàa rí i.

Nígbà tí mẹkáníìkì de iná náà mọ́ ọkọ̀ Bàbá Ìbejì tán, mo ya àwòrán àkọ́kọ́, àtàǹpàkò mi ló kún ojú rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Ìbejì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí aago mẹ́rin lù, ó ti lọ. Ìgbà tó ku mẹ́ta, fóònù dún, ìwé tuntun ti dé sórí rẹ̀.

Ọwọ́ Bàbá Ìbejì ti wà nílẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́. Mo ní kó mú sùúrù, mo ka ìwé náà láti òkè. Orúkọ méjì, ó pé. Nọ́ńbà ọkọ̀, ó pé. Yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru òní.

"Ọ̀la ni," mo wí.

"Ìyá Ìwé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ ń wo ilé wa láti ibí. Òrùlé pupa yẹn ni."

"Alùpùpù tó já lu ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń wo òrùlé wa níbi tó ti ṣẹlẹ̀." Mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo tì í. "Abẹ́ òrùlé Ọ̀gá ni ọkọ̀ yìí máa sùn. Ẹ wá láago méje."

Mo rò pé ó máa bínú. Ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ sábẹ́ apá, ó fa ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ, àlejò yín á fẹsẹ̀ rìn sin yín délé." Mo gbọ́ ẹ̀rín obìnrin yẹn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.

Aago méje ò tíì lù lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti dé ẹnu géètì. Mo ṣí ìwé ìgbọkọ̀, Bàbá Ìbejì buwọ́ lù ú. Mo fẹ́ gbé bírò láti kọ wákàtí, Ọ̀gá ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì wò ó rí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Láti ọdún mọ́kànlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wákàtí wọ inú ìwé yẹn láti ọwọ́ rẹ̀.

Ìyàwó Bàbá Ìbejì ló jókòó sídìí ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ di ìgbànú mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń wúwo. Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò na ọwọ́ sí fèrè.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní fọn ọ́n fún wa ni?"

"Mo ti fọn ọ́n lánàá."

"Ti àná ò ní ìnṣọ́ránsì," obìnrin náà wí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ fèrè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wọ ojú títì.

Ọ̀gá ò kúrò nídìí tábìlì mi lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Ó ń ṣí ìwé aláwọ̀ ewé náà sẹ́yìn, ó ń ka orúkọ, ó ń wo ojú fèrèsé, ó ń fi ìka tọ́ka sí àwọn ọkọ̀ tó wà níta. Mẹ́fà ni. Èèyàn mẹ́fà tó ti buwọ́ lùwé, tí ọkọ̀ wọn ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

"Pè wọ́n," ó wí. "Kí wọ́n wá fagi lé e. Kò sẹ́ni tó máa buwọ́ lu ìwé yìí mọ́ kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́, kò sì sẹ́ni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ kí o tó ka ìnṣọ́ránsì rẹ̀."

"Ṣé èmi tí ẹ lé lánàá?"

"Ta ló lé ọ? Mo ní bí ọkọ̀ ò bá jáde. Ṣé kò jáde ni?"

Mo ti ń pe ẹni àkọ́kọ́. Ẹnì karùn-ún ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí Ọ̀gá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lára ìṣó, tó sì ń lọ síbi ibòji. Ìgbà tó fi máa dé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó dúró. Ihò dúdú ló wà níbi tí iná apá òsì wà tẹ́lẹ̀, wáyà méjì yọ jáde níbẹ̀ bí ìwo ìgbín.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Ọ̀gá, ẹ má wa ìyẹn jáde o."

Ó wo ọkọ̀, ó wò mí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì fẹsẹ̀ rìn jáde láti wá iná ẹ̀yìn lọ sọ́jà.